Ọ̀rọ̀ Àwárí Onídíje-Díẹ̀: Àyẹ̀wò Èdè-Ìperí Kan láti Ìyànà-Ìbà

Ìfáárà

Ẹni tí ó bá dúró ní Ìyànà-Ìbà ní òwúrọ̀ kùtù, níbi tí ọ̀nà Ìbà àti Ìgàndó ti yà kúrò lára títì tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì, yóò gbọ́ ohùn àwọn kọ̀ndọ́kítọ̀. Èyí ń pe Ìgàndó, ìyẹn ń pe Ẹ̀gbẹ̀dá, òmíràn sì ń pe Okoko, nítorí pé Okokomaiko ti gùn jù fún ẹni tí ó ń kánjú. Ibùdókọ̀ kan wà lójú ọ̀nà kan náà tí àwọn èrò ń pè ní Volks, nítorí ilé-iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Volkswagen níbẹ̀ ní 1975. Kì í ṣe orúkọ tí ó pé jùlọ ni kọ̀ndọ́kítọ̀ ń wá. Orúkọ tí èrò mọ̀ ni. Bí ó bá pe èyí tí èrò kò mọ̀, ọkọ̀ rẹ̀ kò ní kún.

A fi àpẹẹrẹ yìí ṣíde nítorí pé iṣẹ́ tí kọ̀ndọ́kítọ̀ ń ṣe ní gbangba ìta ni ẹni tí ó ní búlọ́ọ̀gì kékeré ń ṣe lórí ayélujára. Òun náà ń pe èrò, ṣùgbọ́n kò rí ojú wọn. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó ṣe àyẹ̀wò bí òǹkọ̀wé kékeré ṣe lè rí àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn ń fi wá nǹkan, ṣùgbọ́n tí àwọn tí ń du ipò lé e lórí kò pọ̀. A ó sì dábàá ohun tí ó yẹ kí Yorùbá máa pe àwọn ẹ̀yà iṣẹ́ náà, nítorí pé olùkọ́ tí kò ní orúkọ fún nǹkan kò lè kọ́ ọmọ ní nǹkan ọ̀hún.

Kí ni a ó pè é?

Ọ̀rọ̀ tí a ń tẹ̀ sínú àpótí Google tàbí ti Bing ni àwọn oníṣẹ́ náà ń pè ní kíwọ́ọ̀dù. Àwọn atúmọ̀ èdè kan ti ń lo kókó-ọ̀rọ̀ fún un. A kò fara mọ́ èyí. Kókó-ọ̀rọ̀ ti ní iṣẹ́ mìíràn láàrin àwa akadá: òun ni ohun tí ọ̀rọ̀ dá lé, tí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ yàn sábẹ́ àṣàmọ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí à ń wí yìí kò ti ọwọ́ òǹkọ̀wé wá rárá. Ọwọ́ ẹni tí ń wá nǹkan ni ó ti wá. Bí a bá fi orúkọ kan ṣoṣo pe méjèèjì, akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò pé ohun tí òun fẹ́ sọ ni ayé ń bèèrè.

Àwọn àgbà ní àwárí ni obìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀. Òwe yìí kọ́ wa pé ìwákiri yàtọ̀ sí àwárí. Ẹni tí ó ń wá kiri lè pàdà sílé lọ́wọ́ òfo. Ẹni tí ó ń ṣe àwárí kò ní dúró àfi bí ó bá rí i. Nítorí náà, a dábàá ọ̀rọ̀ àwárí fún ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń tẹ̀, àti ẹ̀rọ aṣàwárí fún ẹ̀rọ tí ń bá a wá a. Àwọn ènìyàn tí wọ́n ń tẹ ọ̀rọ̀ kan láàrin oṣù kan ni yóò sọ ìwọ̀n ìwákiri rẹ̀ fún wa.

Bí ẹ̀rọ ṣe ń wọn ọ̀rọ̀

Ní 1972, Karen Spärck Jones, ọ̀mọ̀wé ará Bìrìtìkó kan, fi hàn pé ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú ìwé púpọ̀ kò wúlò tó láti fi ya ìwé kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn, ṣùgbọ́n pé ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú ìwé díẹ̀ ní agbára púpọ̀ láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ yìí wà lára ìpìlẹ̀ tí a kọ́ àwọn ẹ̀rọ aṣàwárí lé. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà, ní 1998, Larry Page àti Sergey Brin dá Google sílẹ̀. Ohun tí wọ́n fi kún un ni pé kí ẹ̀rọ ka ìtọ́kasí: ojú-ìwé tí ọ̀pọ̀ ojú-ìwé mìíràn ń tọ́ka sí, pàápàá àwọn tí a ń tọ́ka sí lọ́pọ̀lọpọ̀ fúnra wọn, ni yóò wà lókè. Lónìí, Google ń wo ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ìtọ́kasí kò tíì kúrò níbẹ̀.

Ohun tí ó ti inú èyí jáde hàn gbangba. Bí òǹkọ̀wé kékeré kan ní Ọ̀jọ́ bá kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ń kọ̀wé lé, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí a ti ń tọ́ka sí láti ọdún pípẹ́ ni yóò ṣíwájú rẹ̀. Ńṣe ni ó dà bí ẹni tí ó ní rédíò mẹ́ta, tí ó lọ tẹ́ ẹ sáàrin àwọn olówó tí ń ta ohun èlò iná mànàmáná ní ọjà Alábà. Ọjà rẹ̀ lè dára o, ṣùgbọ́n ta ni yóò rí i?

Ìdíje méjì tí a kò gbọdọ̀ dà pọ̀

Ibí yìí ni èdè-ìperí ti ń gba ènìyàn lọ́wọ́ òfò. Ní 2013, Google gbé irinṣẹ́ kan jáde tí ó ń jẹ́ Keyword Planner. Irinṣẹ́ náà ń sọ fún ni pé ìdíje orí ọ̀rọ̀ kan kéré, tàbí pé ó wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, tàbí pé ó ga. Àwọn olùbẹ̀rẹ̀ a sì máa yọ̀ bí wọ́n bá rí “kéré”. Ṣùgbọ́n ìdíje àwọn tí ń sanwó ìpolówó ni irinṣẹ́ yìí ń wọ̀n. Kò sọ nǹkan kan nípa iye ojú-ìwé dáradára tí ó ti wà nílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ kan lè wà tí oníṣòwò kankan kò sanwó lé, síbẹ̀ kí àwọn yunifásítì àti àwọn ilé ìwòsàn ti kọ̀wé lé e lórí títí ilẹ̀ fi kún.

Nítorí náà, a dábàá ìdíje olùpolówó fún èkíní, àti ìdíje òǹkọ̀wé fún èkejì. Èkejì ni ó kan ẹni tí kò ní owó ìpolówó. Kò sì sí irinṣẹ́ tí ó lè wọ̀n ọ́n tó ojú ènìyàn: kí a tẹ ọ̀rọ̀ náà, kí a ka ojú-ìwé mẹ́wàá àkọ́kọ́ tí ó bá jáde, kí a sì bi ara wa bóyá ọ̀kan nínú wọn dáhùn ìbéèrè náà gan-an.

A kò pè é ní ọ̀rọ̀ aláìnídíje, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí kò ní ìdíje rárá lè jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni kò wá. Ìsọ̀ tí ó wà ní ibi tí èrò kì í gbà kò ní olùdíje, ṣùgbọ́n kò ní oníbàárà pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ àwárí onídíje-díẹ̀ ni a ń wá: èyí tí èrò ń kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀, tí ìsọ̀ ibẹ̀ kò sì tíì kún.

Ọ̀nà tí a ń gbà rí i

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan láti agbègbè yìí, níbi tí àgbọn ti wọ́pọ̀ lọ́nà Àgbádárìgì. Ká ní òǹkọ̀wé kan fẹ́ kọ̀wé lórí òróró tí a ń rí lára àgbọn.

(i) Kí ó kọ́kọ́ fetí sí ìbéèrè. Ohun tí àwọn oníbàárà ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń fún òróró yìí ṣe pàtàkì ju ohun tí òun fúnra rẹ̀ rò lọ. Yóò rí i pé àwọn kan ń pè é ní òróró àgbọn, àwọn mìíràn sì ń pè é ní àdí àgbọn. Ọ̀rọ̀ àwárí méjì ni ìyẹn, kì í ṣe ọ̀kan.

(ii) Kí ó tẹ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà sínú àpótí, kí ó má tíì parí rẹ̀. Ẹ̀rọ yóò dábàá ìparí fún un. Lára ohun tí àwọn ènìyàn ti tẹ̀ rí ni ẹ̀rọ ti ń mú àbá yìí wá.

(iii) Kí ó fi kúlẹ̀kúlẹ̀ kún un. “Àdí àgbọn” gbòòrò púpọ̀. “Bí a ṣe ń fún àdí àgbọn láìlo ẹ̀rọ” kò gbòòrò tó bẹ́ẹ̀, “ibi tí a ti ń ra àdí àgbọn ní Ìyànà-Ìbà” sì tún há ju ìyẹn lọ. Bí kúlẹ̀kúlẹ̀ ti ń pọ̀ ni olùdíje ń dín kù, tí èrò ọkàn olùwákiri sì ń hàn sí i. Google fúnra rẹ̀ ti sọ léraléra pé nǹkan bí ìdá 15 nínú 100 ohun tí a ń tẹ̀ lójúmọ́ ni ẹ̀rọ òun kò rí rí. Ààyè kò tíì tán.

(iv) Kí ó dáhùn ìbéèrè náà ní kíkún, kí ó sì padà wò ó lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Irinṣẹ́ tí ń jẹ́ Search Console máa ń fi ọ̀rọ̀ tí ó mú àwọn ènìyàn dé ojú-ìwé ẹni hàn. Ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé kò ronú kàn lè wà níbẹ̀. Kí ó kọ òmíràn lé e.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní àpèjẹ́ kan fún irú gbólóhùn gígùn tí a sọ nínú (iii), èyí tí Chris Anderson sọ di mímọ̀ ní 2004 nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀ òwò. Bí a bá tú u ní tààrà, yóò di “ìrù gígùn”. Ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ kò sọ nǹkan kan fún Yorùbá, nítorí pé ara àwòrán ìṣirò ni ìrù náà wà. Gbólóhùn àwárí oníkúlẹ̀kúlẹ̀ ni a fi rọ́pò rẹ̀, nítorí pé ó sọ ohun tí nǹkan náà jẹ́.

Ọ̀ràn àmì ohùn

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀ bí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù. Ẹni tí ó tẹ “oko” lè máa wá oko, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ tàbí òkò. Ẹ̀rọ kò lè mọ̀ ọ́n bí ọ̀rọ̀ mìíràn kò bá tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n “oko ege” kò lè jẹ́ ohun mìíràn ju oko ẹ̀gẹ́ lọ. Níbí náà, kúlẹ̀kúlẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ méjì.

Ìṣòro tí ó fara sin jù ni ti kóòdù. Nínú Unicode, lẹ́tà ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ tí ó ní àmì òkè kò ní. A ní láti to àmì lé e lórí. Bákan náà, àwọn kan ń lo àmì tó rí roboto sábẹ́ lẹ́tà, àwọn mìíràn ń lo ìlà kékeré olóròó. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni wọ́n; nọ́ńbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lọ́dọ̀ ẹ̀rọ. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí òǹkọ̀wé má ṣe tìtorí ìwákiri kọ àkọtọ́ tí a fọwọ́ sí ní 1974 sílẹ̀. Kí ó fi àmì sí àkọlé àti ara ìwé rẹ̀ pátá, kí ó lo àmì roboto nìkan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó sì kọ àdírẹ́sì ojú-ìwé náà àti orúkọ àwòrán inú rẹ̀ láìsí àmì.

Ìgúnlẹ̀

Àwọn àbá wa nìyí: ọ̀rọ̀ àwárí, ẹ̀rọ aṣàwárí, ìwọ̀n ìwákiri, ìtọ́kasí, ìdíje olùpolówó, ìdíje òǹkọ̀wé, ọ̀rọ̀ àwárí onídíje-díẹ̀, èrò ọkàn olùwákiri, gbólóhùn àwárí oníkúlẹ̀kúlẹ̀. Ẹ yẹ̀ wọ́n wò, kí ẹ sì tún wọn ṣe.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò pin sọ́dọ̀ oníbúlọ́ọ̀gì. Ó kan àwa náà gbọ̀ngbọ̀n. Láti ìgbà tí Iṣẹ́ Ìwádìí Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1970, tí a fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, àti láti ìgbà tí ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá ti jáde, a ti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ púpọ̀. Mélòó nínú wọn ni olùkọ́ tí ó wà ní Okokomaiko lè rí ní alẹ́ tí ó ń múra ẹ̀kọ́ ọ̀la sílẹ̀? Kò ní tẹ ọ̀rọ̀ tí a ṣẹ̀dá, nítorí pé òun gan-an ni kò mọ̀. Ohun tí ó mọ̀ ni yóò tẹ̀. Bí a bá kọ “ẹ̀rọ ayárabíàṣá” nìkan sójú-ìwé wa, tí a kò kọ “kọ̀ǹpútà” síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí a tìtorí rẹ̀ kọ́ ilé.

Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, Yorùbá fúnra rẹ̀ ni ilẹ̀ tí ìdíje òǹkọ̀wé kéré sí jùlọ. Ojú-ìwé kan tí ó ṣàlàyé ohun kan dáradára lè dé òkè láìsan kọ́bọ̀. Kí a pe orúkọ tí èrò mọ̀ kí wọ́n lè wọlé. Bí ọkọ̀ bá ti gbéra, ààyè yóò wà láti kọ́ wọn ní orúkọ tuntun.