Ọmọ Ta Ni?

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 1912 ni ọkọ̀ Titanic rì sínú òkun Àtìláńtíìkì. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà, àwọn atukọ̀ Mackay-Bennett rí òkú ọmọdékùnrin kan lójú omi. Kò sí ẹni tí ó wá bèèrè rẹ̀. Àwọn atukọ̀ náà ni ó dá owó jọ tí wọ́n fi sin ín ní ìlú Halifax, ní ilẹ̀ Kánádà, tí wọ́n sì kọ ọ́ sára òkúta pé ọmọ tí a kò mọ̀ ni. A kí wọn kú iṣẹ́ ọmọlúàbí.

Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tí kò ní orírun. Ní ọdún 2001 àwọn onímọ̀ hú ibojì náà. Eyín díẹ̀ àti ẹ̀rún eegun kan ni wọ́n bá. Ilé baba ni àwa Yorùbá sábà máa ń fi oríkì tọ ọmọ lọ. Ìhà ìyá ni àwọn wọ̀nyí tọ̀, nítorí pé oríṣi DNA tí wọ́n yẹ̀ wò, ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ni ọmọ ti í jogún rẹ̀. Wọ́n ní láti wá ìyá ìyá ọmọ náà kàn, kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹbí tí ó wà láàyè.

Ní ọdún 2002 wọ́n kéde pé Eino Panula ni, ọmọ oṣù 13 láti ilẹ̀ Finland, ẹni tí òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mẹ́rin jọ ṣègbé. Lójú tiwa, ìkéde yìí yá jù, nítorí pé bàtà kan ń ta kò ó. Ní ọdún 1912, wọ́n pàṣẹ pé kí a sun aṣọ àwọn òkú, kí ẹnikẹ́ni má baà kó o tà. Sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá kan, Clarence Northover, kò ní ọkàn láti sun bàtà ọmọ náà; ó tọ́jú rẹ̀, ẹbí rẹ̀ sì fi í fún ilé tí a ń kó ohun àtijọ́ sí ní Halifax ní ọdún 2002. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bàtà náà tóbi ju ẹsẹ̀ ọmọ oṣù 13 lọ!

Wọ́n tún àyẹ̀wò ṣe. Ní ọdún 2007 òtítọ́ hàn pé Sidney Leslie Goodwin ni, ọmọ oṣù 19, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Frederick baba rẹ̀, Augusta ìyá rẹ̀ àti ọmọ wọn mẹ́fà ń lọ sí Niagara Falls ní Amẹ́ríkà. Kò sí ẹni tí ó yè nínú wọn. Òkú ti Sidney nìkan ni a mọ̀.

Ẹbí Panula ńkọ́, tí a ti fi ibojì lé lọ́wọ́, tí a tún gbà á lọ́wọ́ wọn? Ìyà yẹn kò tọ́ sí wọn.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2008, àwọn ẹbí Goodwin pé sí ibojì náà. Ọ̀kan nínú wọn ka orúkọ bí àádọ́ta ọmọdé tí òkun gbé lọ nínú ọkọ̀ náà, wọ́n sì lu agogo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.