Bàálù ogun tí wọ́n ń kàn ní gáréèjì: ẹ̀kọ́ ńlá fún oníṣòwò kékeré

Ẹ̀yin oníṣòwò wa, ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè: bí ohun tí èèyàn ń fẹ́ bá wọ́n ju agbára wọn lọ, kí ni ọlọ́jà tó gbọ́n yóò ṣe? Àwọn kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ti dáhùn ìbéèrè yìí. Ọjà tí wọ́n fi dáhùn rẹ̀ ló yani lẹ́nu: bàálù ogun ni.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì tó parí lọ́dún 1945, Spitfire ti Gẹ̀ẹ́sì, Focke-Wulf 190 ti Jámánì àti Mustang ti Amẹ́ríkà lókìkí púpọ̀. Mustang nìkan, ó lé ní 15,000 tí wọ́n ṣe. Ìwọ̀nba ló kù tó ṣì ń fò lónìí, ojúlówó kan tí wọ́n tún ṣe dáadáa sì lè ju mílíọ̀nù méjì dọ́là lọ. Mélòó ni yóò rí i rà? Síbẹ̀, ìfẹ́ rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn àwọn èèyàn. Ibẹ̀ gan-an ni ọjà wà.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́

Ọ̀gbẹ́ni John Isaacs, tó ti ṣiṣẹ́ rí nílé iṣẹ́ Supermarine tó ṣe Spitfire, fi pákó kan ẹ̀dà tirẹ̀, ó sì dín in kù sí ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá. Ẹ́ńjìnnì ojúlówó ní agbára ẹṣin tó lé ní 1,000. 100 péré ni ti Isaacs. Ọdún 1975 ló fò. Kò sọ pé òun fẹ́ dá ilé iṣẹ́ bàálù sílẹ̀ o. Pílánì rẹ̀ ló tà fún ẹni tó bá fẹ́ kan tirẹ̀.

Ní Santa Paula, ìpínlẹ̀ California, ilé iṣẹ́ War Aircraft Replicas gba ọ̀nà mìíràn. Lọ́dún 1974, ẹ̀dà Focke-Wulf wọn, tó tó nǹkan bí ìdajì ojúlówó, gbéra sókè. Pákó ni egungun inú rẹ̀. Wọ́n lẹ fóòmù mọ́ ọn, wọ́n gbẹ́ ẹ títí ó fi jọ bàálù ogun, wọ́n wá fi aṣọ àti gílúù líle bò ó. Irú egungun kan náà ni wọ́n lò fún Corsair àti Thunderbolt. Ara òde ni wọ́n ń yí padà. Aránṣọ tó ní pátánì kan, tó wá ń pààrọ̀ ọrùn àti apá aṣọ, mọ ohun tí à ń wí.

Ohun tí kò ṣeé dín kù

Bí ẹ bá dín bàálù kù sí ìdajì, ìwọ̀n rẹ̀ kì í dúró ní ìdajì. Gígùn, fífẹ̀ àti gíga ló jọ dín kù, nítorí náà yóò sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ìdí nìyí tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Volkswagen tí wọ́n tún ṣe fi lè gbé e.

Ṣùgbọ́n ẹni tó máa wà á kò dín kù! Ẹni tó bá ga tàbí tó sanra, wàhálà ni yóò fi wọ inú ẹ̀dà tó jẹ́ ìdajì. Ilé iṣẹ́ Titan ní Ohio rí èyí, wọ́n ṣe ẹ̀dà Mustang tí wọ́n pè ní T-51 ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, èèyàn méjì sì lè jókòó tẹ̀lé ara wọn nínú rẹ̀. Ẹ dín ọjà kù bó ṣe wù yín, ẹ má gbàgbé ìwọ̀n oníbàárà.

Òfin tún wà níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, kí bàálù tó lè gba ìwé àṣẹ gẹ́gẹ́ bí àkànnílé, àwọn tó ń kàn án fún ẹ̀kọ́ tàbí ìgbádùn ara wọn ló gbọ́dọ̀ ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ohun tí ẹlòmíràn ì bá pè ní ìdènà ló di ọjà: àwọn ẹ̀yà ara bàálù ni ilé iṣẹ́ ń kó sínú àpótí tà, oníbàárà á lọ tò ó fúnra rẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, alábòójútó máa ń yẹ iṣẹ́ náà wò ní ìpele ìpele. Ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí ojú ọ̀run kò ní ibi tí wọ́n ń páàkì sí.

Ẹ ṣọ́ra fún owó àsansílẹ̀

Kì í ṣe gbogbo wọn ló yege. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, Jim Bede ará Amẹ́ríkà polówó BD-5. Kì í ṣe ẹ̀dà bàálù ogun, ṣùgbọ́n àkànnílé lòun náà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sanwó sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ Jámánì tó yẹ kó pèsè ẹ́ńjìnnì dẹnu kọlẹ̀, bàálù wà nílẹ̀ láìní ẹ́ńjìnnì, owó oníbàárà sì ti lọ. Nígbà tó fi máa di 1979, ilé iṣẹ́ Bede ti wọko gbèsè. Ìjọba sì ní kò gbọ́dọ̀ gba owó àsansílẹ̀ lórí bàálù mọ́ fún ọdún mẹ́wàá. Bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni.

Nítorí náà, yálà àga lẹ̀ ń kàn ni, ẹ̀rọ ìlọta lẹ̀ ń ṣe ni tàbí aṣọ lẹ̀ ń rán, ẹ wo ohun ńlá tí àwọn èèyàn ń fẹ́ tí owó wọn kò ká. Ẹ wá èyí tó ṣeé gé kúrú nínú rẹ̀ àti èyí tí kò ṣeé gé. Kẹ́ ẹ sì rí ẹ́ńjìnnì kẹ́ ẹ tó gbowó.