Àìsàn Tí Ń Gbéni Gòkè, Tí Ń Sọni Sílẹ̀: Láti Èwe Dé Ogbó ní Clara Town

Ẹnikẹ́ni tí ó bá gba orí afárá kúrò ní àárín ìlú Monrovia, olú-ìlú Làìbéríà, bọ́ sí erékùṣù Bushrod, kò ní pẹ́ tí yóò fi dé Clara Town. Àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù ni. Ilé páànù fara ti ilé páànù, omi mímu kò sì rọrùn láti rí. Kò jìnnà sí èbúté tí wọ́n ń pè ní Freeport, níbi tí àwọn ọmọ ogun ECOMOG gúnlẹ̀ sí ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 1990. Ọ̀pọ̀ ará wa ni ó bá ogun náà lọ tí kò padà wálé. Nígbà tí ogun Làìbéríà parí pátápátá ní ọdún 2003, afárá àti ilé tí ó wó ni gbogbo ayé ń kà. Àwọn tí ó ka ọkàn ènìyàn mọ́ ohun tí ó bàjẹ́ kò pọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí jẹ́ ti àìsàn ọpọlọ kan tí kì í ṣe ogun ni ó dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n tí ogun ba ibi tí à bá ti wò ó jẹ́. Bipolar ni àwọn dókítà ń pè é. Ẹni tí ó ń ṣe yóò gbéra sókè fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: oorun kò ní kùn ún, síbẹ̀ kò ní rẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ yóò máa dà lẹ́nu rẹ̀ bí òjò, yóò máa ná owó tí kò ní, yóò máa ṣe ìlérí tí ọba pàápàá kò lè mú ṣẹ. Bí ó bá yá, yóò ṣubú. Oúnjẹ kò ní wù ú, ohùn rẹ̀ yóò wọlé, ikú yóò sì máa dà bí ìsinmi lójú rẹ̀. Láàárín méjèèjì, ó lè wà fún ọ̀pọ̀ oṣù gẹ́gẹ́ bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe rí.

Ibi tí ó ti ń tan àwọn ènìyàn jẹ nìyí. Àwọn baba wa mọ asínwín, wọ́n mọ dìndìnrìn, wọ́n sì fún olúkúlùkù ní orúkọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣínwín ní oṣù tí ó kọjá, tí ó sì ń bá ẹbí ṣe ìpàdé lónìí, ọwọ́ ayé ni wọ́n máa ń kà á sí. Ní Làìbéríà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru àjẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2019, 40 mílíọ̀nù ènìyàn ni ó ń bá àìsàn yìí gbé káàkiri ayé. Àwa kò rò pé àwọn àjẹ́ ní àyè iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo agbo ilé kan ní Clara Town. Kì í ṣe ilé ẹnì kan pàtó. Àpẹẹrẹ ni a fẹ́ fi í ṣe. Àìsàn yìí a máa rìn nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà kò ṣòro láti bá a lára ẹni mẹ́ta nínú ilé kan náà, kí ọjọ́ orí sì mú kí ó wọ aṣọ ọ̀tọ̀ lára olúkúlùkù wọn.

Èkíní jẹ́ ọmọkùnrin ọdún 17, tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Àárín ọdún 15 sí 25 ni àìsàn náà sábà máa ń fara hàn, ó sì wọ́pọ̀ pé ìṣubú ni ó máa ń ṣáájú ìgbéra. Ọmọ tí ń gba ipò kìíní bẹ̀rẹ̀ sí í sùn lórí ìwé. Wọ́n ní ọ̀lẹ ni. Ó ń sunkún láìnídìí. Wọ́n ní obìnrin ni ó ń dà á láàmú. Bí ó bá bá dókítà tí kò béèrè ìtàn ẹbí pàdé, tí ìyẹn sì fún un ní oògùn ìbànújẹ́ nìkan, oògùn náà lè tì í sókè sínú ìgbéra. Nígbà náà ni yóò dìde ní kíláàsì tí yóò sọ pé òun ti ra gbogbo Freeport, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò máa pàtẹ́wọ́. Wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ẹ̀yin olùkọ́ ni ẹ kọ́kọ́ máa ń rí ọmọ yìí kí nọ́ọ̀sì tó rí i. Pàṣán kò wò ó sàn rí. Bí olùkọ́ bá lè sọ fún òbí pé, “Láti ọjọ́ Ajé ni ọmọ yín ti sọ pé òun kò sùn, ìwà rẹ̀ sì ti yí padà,” ó ti ṣe ìdajì iṣẹ́ dókítà.

Ti àwọn ọmọ kéékèèké tí kò tíì pé ọdún 10 yàtọ̀. Àìsàn náà ṣọ̀wọ́n láàárín wọn, ọmọ tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́ kì í sì í ṣe alárùn ọpọlọ. Kí a máa ṣọ́ra kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.

Èkejì ni ìyá ọmọ náà. Yorùbá ní orúkọ fún ohun tí ó ṣe é, àbísínwín. Kì í sì í ṣe gbogbo èdè ni ó ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Obìnrin tí ó ti ní bipolar tẹ́lẹ̀ wà nínú ewu ńlá ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbímọ, nígbà tí ẹkún ọmọ kò jẹ́ kí ó sùn. Oògùn kan tí wọ́n ń pè ní valproate, tí ó dára fún ọ̀pọ̀ ọkùnrin, lè ba ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ inú jẹ́. Nítorí náà kò yẹ kí a fún ọ̀dọ́mọbìnrin ní oògùn yìí láìjẹ́ pé kò sí ọ̀nà mìíràn. Síbẹ̀ kí aboyún má ṣe dá oògùn rẹ̀ dúró fúnra rẹ̀. Kí ó lọ béèrè.

Ẹ̀kẹta ni baba àgbà, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ol’ Pa, bí wọ́n ti ń bọ̀wọ̀ fún àgbàlagbà ní Monrovia. Ó ti ń lo lithium láti ọjọ́ pípẹ́. Ìtàn oògùn yìí dùn mọ́ wa. Ẹ̀yà iyọ̀ kan ni, inú àpáta ni wọ́n ti ń wà á, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. John Cade, dókítà ará Australia tí àwọn ará Japan ti dè ní ìgbèkùn nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ni ó kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1949 pé ó ń mú ìgbéra rọlẹ̀. Ọdún 1970 ni ìjọba Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí i. Ó wà lára oògùn díẹ̀ tí a mọ̀ pé ó ń dín ìpara-ẹni kù. Àwa náà ní asofẹ́yẹjẹ, tí àwọn oníṣègùn wa fi ń mú asínwín sùn kí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó yọ reserpine láti inú ẹ̀yà rẹ̀ ní ọdún 1952. Ṣùgbọ́n reserpine lè fa ìrẹ̀wẹ̀sì, èyí kò sì bá ẹni tí yóò tún ṣubú mu.

Lithium ní òfin líle. Bí ó bá kéré jù nínú ẹ̀jẹ̀, kò ṣiṣẹ́; bí ó bá pọ̀ jù, májèlé ni. Kíndìnrín ni ó ń gbé e jáde, kíndìnrín arúgbó sì ti rẹ̀. Ìwọ̀n kékeré ni ó yẹ Ol’ Pa. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ń múni tọ̀, àti irú oògùn ara ríro bí ibuprofen, lè mú kí lithium kún inú ẹ̀jẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wá wo àdúgbò tí omi mímọ́ ti ṣọ̀wọ́n: àìsàn inú ọjọ́ méjì péré lè sọ oògùn rere di ewu. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kì í sì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ni ó ní ẹ̀rọ rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún ni àgbàlagbà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra fún ìgbà àkọ́kọ́, kí a kọ́kọ́ wò ó bóyá àrùn rọpárọsẹ̀ tàbí oògùn mìíràn ni ó fà á.

Ta ni yóò wá ṣe gbogbo èyí ní Clara Town? Ogun ba ilé ìwòsàn Catherine Mills jẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, dókítà ọpọlọ kan ṣoṣo, Benjamin Harris, ni gbogbo Làìbéríà ní, ilé ìwòsàn E. S. Grant nìkan ni ó sì ń gba irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ sí orí bẹ́ẹ̀dì. Láti ọdún 2010 ni ìjọba wọn àti Carter Center ti ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti igbákejì dókítà ní iṣẹ́ yìí, títí tí wọ́n fi lé ní 200, tí àwọn kan nínú wọn sì kọ́ ti àwọn ọmọdé ní pàtàkì. Ní ọdún 2017 ni wọ́n ṣe òfin ìlera ọpọlọ. Ó dùn wá láti sọ pé àwa tí a ní Lambo, tí ó fi àwọn aláìsàn Aró sínú abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn láti ọdún 1954, oṣù kìíní ọdún 2023 ni a tó fọwọ́ sí tiwa, tí a sì pa òfin wèrè ayé àwọn òyìnbó tì.

Nígbà tí a ń kọ́ṣẹ́ ní òkè òkun, a bá akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé tí ó ní àìsàn yìí. Ó ń lo oògùn rẹ̀ ní àràárọ̀ pẹ̀lú tíì, kò sì sí ẹni tí ó tọ́ka sí i. Ohun tí ó mú un dúró ni pé oògùn náà kò tán rí, òun náà kò sì pa á tì nígbà tí ara rẹ̀ dá. Ní Clara Town, ìlera náà gan-an ni ìdẹwò. Ọmọkùnrin náà yóò ní, “Ara mi ti dá, kí ni mo tún ń gbé e mì fún?” Bí ó bá sì gbọ́ràn, ó lè dé ilé ìwòsàn kí wọ́n sọ fún un pé oògùn ti tán, kí ó padà wá ní oṣù tí ń bọ̀. Oṣù kan yẹn tó fún un láti ṣubú. Nítorí náà ni nọ́ọ̀sì tí ó gbọ́n fi máa ń pe ìyá mọ́ ọmọ, kí ó tó bi Ol’ Pa léèrè iye ife omi tí ó mu láti àná.