Obìnrin Nídìí Ọpọ́n Ayò

Ihò 12 ni ó wà lára ọpọ́n ayò. Ọmọ ayò 48 ni a fi ń ta á, 4 nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Eré tí ń kọ́ni ní ìṣirò àti àròjinlẹ̀ ni, síbẹ̀ ọkùnrin ni a sábà ń bá nídìí rẹ̀ lábẹ́ igi ní ìrọ̀lẹ́. Kì í ṣe pé obìnrin kò mọ ìṣirò: obìnrin tí ń fi kọ́ńgò wọn ìrẹsì Ọ̀fàdà tà kì í ṣi owó kà. Àsìkò tí ọkùnrin ń ta ayò gan-an ni obìnrin wà nídìí ààrò. Nítorí náà, ilé-ẹ̀kọ́ ni ó yẹ kí a gbé ọpọ́n lọ, kí àwọn ọmọbìnrin lè máa ta ayò ní àkókò eré. Ọ̀pẹ tí kò ráyè jókòó kò lè di ọ̀ta láéláé.