Ọ̀wẹ̀ fún Igi Etí Omi

Àwọn baba wa mọ àáró, wọ́n sì mọ ọ̀wẹ̀. Nínú àáró, bí mo bá bá ọ ro oko lónìí, ìwọ náà yóò bá mi ro tèmi lọ́la. Nínú ọ̀wẹ̀, olóko ni í ránṣẹ́ pe ènìyàn, òun náà ni í sì ń bọ́ wọn. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí kò ní olóko tí yóò se oúnjẹ. Iṣẹ́ àtinúwá ni, èyíinì ni títún igi etí omi gbìn.

Ẹni tí ó bá dé Rumuolumeni ní Port Harcourt, tí ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí omi ní Iwofe, yóò rí irú igi bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbà ni à ń pè é; mangrove ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Gbòǹgbò rẹ̀ ń dúró lórí omi bí ẹni gun àgéré. Láàárín gbòǹgbò wọ̀nyí ni ọmọ ẹja àti akàn ti ń dàgbà; àwọn ni wọ́n sì ń di ẹrẹ̀ mú kí ìgbì má baà wó bèbè. Ní gbogbo Áfíríkà, Nàìjíríà ni igi yìí pọ̀ sí jù lọ, àgbègbè Niger Delta ni púpọ̀ nínú rẹ̀ sì wà.

Ohun mẹ́ta ni ó ń pa á. Èkíní ni epo rọ̀bì: ìròyìn tí àjọ UNEP gbé jáde ní 2011 lórí ilẹ̀ Ogoni, tí kò jìnnà sí Port Harcourt, fi ìbàjẹ́ náà hàn kedere. Èkejì ni àáké àwọn tí ń wá igi ìdáná. Ẹ̀kẹta ni ọ̀pẹ nípà, tí wọ́n mú láti Singapore wá sí Calabar ní 1906. Èso rẹ̀ ń léfòó kiri, ó sì ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀gbà.

Gbígbin ẹ̀gbà kò ṣòro. Orí ìyá rẹ̀ ni irúgbìn rẹ̀ ti ń hù, tí yóò gùn bí ọ̀pá kékeré kí ó tó já bọ́. Nígbà tí omi bá fà, ẹ ti ìdí rẹ̀ bọ inú ẹrẹ̀, kí orí rẹ̀ yọ sókè. Ẹ má gbìn ín síbi tí epo ṣì ń yọ nínú ẹrẹ̀, kíkú ni yóò kú. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ kí àwọn àgbà Ikwerre tí wọ́n ni ilẹ̀, kí ẹ sì bi àwọn obìnrin tí ń ṣa ìṣáwùrú léèrè ibi tí wọ́n ń gbà kọjá.

Ìpadàbọ̀ ni ó ṣòro. Ọ̀pọ̀ wa ni í lọ lẹ́ẹ̀kan, tí a ya fọ́tò, tí a ka iye tí a gbìn, tí a kò sì padà lọ wo iye tí ó yè. Ẹni tí ó gbin ọgọ́rùn-ún iṣu, tí ó ní igba ni òun gbìn, bí ó bá jẹ ọgọ́rùn-ún tí ó gbìn tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Ẹ padà lọ ní oṣooṣù: ẹ ṣa ọ̀rá tí omi gbé wá, ẹ hú ọmọ ọ̀pẹ nípà, ẹ fi òmíràn rọ́pò èyí tí ó kú.

Nínú ìwé Jẹ́nẹ́sísì, iṣẹ́ méjì ni Ọlọ́run fún Ádámù nínú ọgbà: kí ó máa ro ó, kí ó sì máa ṣọ́ ọ. Púpọ̀ nínú wa fẹ́ràn ti àkọ́kọ́. Kí Olúwa fún wa ní sùúrù ti èkejì. Àmín.