Àrùn anthrax: Báwo ni kòkòrò ààyè ṣe ń dáàbò bo màlúù, àti àwa tó ń jẹ ẹran?

Ní oṣù Keje ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé àyẹ̀wò ti fìdí àrùn anthrax múlẹ̀ lára ẹran ọ̀sìn ní oko kan ní Suleja, ìpínlẹ̀ Niger. Ṣáájú ìgbà náà, ó ti pa ènìyàn ní àríwá Ghana, ìjọba sì ti kìlọ̀ fún wa nípa pọ̀ǹmọ́ àti ẹran ìgbẹ́.

Kí ni anthrax?

Kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ́ Bacillus anthracis ló ń fà á. Ó lè sùn sínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí irúgbìn tó ń retí òjò. Bí màlúù, àgùntàn tàbí ewúrẹ́ bá jẹko níbẹ̀, ó lè jí sínú ara wọn. Ènìyàn lè kó o tó bá kun ẹran tó ní àrùn náà tàbí tó jẹ ẹ́.

Báwo ni abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́?

Kòkòrò ààyè ló wà nínú rẹ̀. Ohun ìjà méjì ni anthrax ní: oró tó fi ń pani, àti ẹ̀wù tó fi ń bo ara rẹ̀ kí àwọn ọmọ ogun ara má baà gbé e mì. Ní nǹkan bí ọdún 1937, dókítà ẹranko kan ní South Africa, Max Sterne, rí irú rẹ̀ kan tí kò ní ẹ̀wù mọ́. Bí wọ́n bá fi èyí gún màlúù, ara rẹ̀ á ṣẹ́gun rẹ̀, á sì ti dá ojúlówó mọ̀ kó tó dé. Iléeṣẹ́ NVRI ní Vom, ìpínlẹ̀ Plateau, ń ṣe abẹ́rẹ́ yìí.

Lónìí, àwọn onímọ̀ ń mọ̀ọ́mọ̀ yọ jíìnì tó ń fún kòkòrò lágbára. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n yọ jíìnì méjì lára Salmonella, wọ́n sì sọ ọ́ di àjẹsára adìẹ.

Kí ló yẹ kí ẹni tó ń sin ẹran mọ̀?

• Ẹ má ṣe lo pẹnisílíìnì lásìkò tí ẹ bá gún abẹ́rẹ́ náà: yóò pa kòkòrò inú rẹ̀, àjẹsára náà á sì di òfo.
• Ọdọọdún ni kí ẹ máa gún un, kí àrùn tó dé.
• Bí ẹran bá kú lójijì, tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde nímú tàbí ní ìdí rẹ̀, ẹ má ṣe là á, ẹ má ṣe tà á. Ẹ pe dókítà ẹranko.

Òótọ́ ni pé àdánù ńlá ni kí màlúù kú. Ṣùgbọ́n sísè lásán kò tó láti gba ẹni tó bá rà á sílẹ̀. Bí egbò dúdú tí kì í dunni bá yọ sí yín lára lẹ́yìn tí ẹ fọwọ́ kan irú ẹran bẹ́ẹ̀, ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn. Oògùn rẹ̀ wà.