Ta Ni Kí A Tọ̀ Lọ Bí Ọkàn Bá Ń Ṣàìsàn?

Àwọn àgbà a máa wí pé, “Wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ.” Ìbẹ̀rù tí ó wà nínú òwe yìí ni ó ń mú kí ọ̀pọ̀ ẹbí fi aláìsàn wọn pamọ́ títí àrùn rẹ̀ yóò fi di ńlá. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó lè tọ́jú rẹ̀ wà. Oríṣi méjì ni wọ́n.

Èkíní ni dókítà àrùn ọpọlọ. Ó kọ́kọ́ kọ́ ìṣègùn gbogbo ara kí ó tó kọ́ ti ọpọlọ. Ó ní àṣẹ láti yẹ ara àti ẹ̀jẹ̀ wò, àti láti fúnni ní oògùn. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí pé ibà líle lè mú kí ènìyàn máa sọ ìsọkúsọ. Oògùn ibà ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń fẹ́, kì í ṣe ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀.

Èkejì ni amòye nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá. Yunifásítì ni òun náà ti kẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe oníṣègùn, kò sì ní àṣẹ láti fúnni ní oògùn nílẹ̀ wa. Ọ̀rọ̀ ni irinṣẹ́ rẹ̀. Yóò tẹ́tí sí aláìsàn, yóò fi ìdánwò wọn ìrònú àti ìrántí rẹ̀, yóò sì kọ́ ọ bí a ti ń ṣẹ́gun èrò tí ń dani láàmú.

Ta wá ni kí a tọ̀ lọ? Akẹ́kọ̀ọ́ tí àyà rẹ̀ ń já ṣáá nítorí ìdánwò, tàbí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ tí ìbànújẹ́ rẹ̀ kò rọlẹ̀, lè kọ́kọ́ lọ bá amòye ìrònú. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tàbí tí ó ń sọ pé òun yóò pa ara òun, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí a tètè mú un lọ. Kí a má ṣe dá a nìkan fi sílẹ̀.

Ní Aró, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, Dókítà Adéoyè Lámbò dá ètò kan sílẹ̀ ní 1954: àwọn aláìsàn ń gbé láàrin ẹbí wọn ní abúlé ìtòsí, wọ́n sì ń gba ìtọ́jú ilé-ìwòsàn. Lónìí, dókítà àti amòye ìrònú jọ ń ṣiṣẹ́ ní Aró. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Ẹni yòówù tí a bá kọ́kọ́ tọ̀ lọ nínú àwọn méjèèjì, bí ọ̀ràn náà bá ju agbára rẹ̀ lọ, yóò darí wa sí èkejì. Ohun tí ó léwu ni kí a fi ìtìjú jókòó sílé.